Ahun Mi àti Ọ̀fọ̀ Títíloyè

Ọjọ́ Ajé, 5 Fẹ́búárì 2024
Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Mi ò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá ní ìmọ̀ràn lọ́wọ́, kó gbé e fún ọmọ tirẹ̀. Bùsáyọ̀ tí mo fi inú mi bí ló wá lónìí, tó ní kí n ju fóònù mi nù. Ó ní ojú máa ń ti òun tí mo bá yọ ọ́ láàárín èèyàn. Kójú máa tì í.

Ahun ni mo ń pè é. Tí mo bá ti gíláàsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn bọ́tìnnì A, B, D á yọ jáde lábẹ́ rẹ̀ bí orí ahun. Láti 2010 ló ti wà lọ́wọ́ mi. Gíláàsì yẹn kò gbọ́ ìka mi rí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi lọ aṣọ kaakí àwọn sójà ní Ekenwan Road, áyọ́ọ̀nù eléèédú, ìka tútù ni mo fi ń dán an wò bóyá ó gbóná. Ìka mi ti yi bí awọ. Gíláàsì rò pé igi ló kan òun. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì — bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ó gbà. Pírámárì tíríì ni mo ka ìwé dé, mo sì ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tó já gaara ju ti àwọn tó lọ yunifásítì.

Wásáàpù nìkan ni Ahun kò lè gbé. Àbúdù tó ń tún fóònù ṣe ní Uselu níbí ní, "Mama, e don old, e no fit carry am." Mo ní èmi náà ti gbó, mo ṣì ń gbé ara mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó pààrọ̀ bátìrì.

Ìṣẹ́gun, 6 Fẹ́búárì
Mo kọ̀wé sí Títíloyè. Ogójì ọdún la ti ń ṣọ̀rẹ́, àwa méjèèjì la jọ lọ aṣọ sójà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà á láàmú láti Kérésì. Mo kọ: "Apọ́nbéporé, ṣé o ti jẹun?"

Ọjọ́rú, 7 Fẹ́búárì
Kò dáhùn. Mo pè é, kò wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 8 Fẹ́búárì
Mo se ẹja tútù, mi ò fi iyọ̀ sí i, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé rẹ̀ ní Ekenwan Road. Mo kànkùn títí. Ọmọbìnrin yàrá kejì ló yọjú. Ọmọ Yorùbá ni, ó ń gbọ́ ọ, kò lè sọ ọ́. "Mama, you no hear? Dem don carry am go Iléṣà. Dem bury am last Friday." Ó ń jẹ gúgúrú bó ṣe ń sọ ọ́.

Fúráìdeè tó kọjá. Mo kọ̀wé ní Túsìdeè. Òkú ni mo ń bi pé ṣé ó ti jẹun.

Orí ìdúró ni mo ti gbọ́ ọ. Lẹ́nu ọ̀nà. Abọ́ ẹja lọ́wọ́.

Ẹtì, 9 Fẹ́búárì
Ẹja ti bà jẹ́. Mi ò jẹ ẹ́, mi ò dà á nù.

Àìkú, 11 Fẹ́búárì
Ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò gbọ́ ìwàásù kankan. Nígbà tí wọ́n túká, mo lọ bá Olúbùnmi, akọ̀wé ẹgbẹ́ ìyá wa, èyí tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Airport Road. Mo ní ta ló sọ fún mi pé Títíloyè kú. Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. A gbé e sórí gúrúpù Wásáàpù, gbogbo èèyàn ló rí i."

Mo ní ta ni gbogbo èèyàn? Ṣé ewúrẹ́ lèmi ni?

Ó ní ogójì èèyàn ó lé mẹ́ta ló fi ọwọ́ àdúrà sí i. Àwòrán ọwọ́ o. Ọwọ́ tí kò lè di èèyàn mú.

Ìyá kan lẹ́yìn rẹ̀ dá sí i: "Màmá Bùsáyọ̀, fóònù yín ló fà á, ẹ kì í gbàmọ̀ràn." Mo ní ṣé fóònù mi ló so yín lẹ́sẹ̀ tẹ́ ẹ ò fi lè rìn dé Uselu?

Ìṣẹ́gun, 13 Fẹ́búárì
Bùsáyọ̀ gbé fóònù tuntun dé. Ó ń dán bí àwo. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, kò gbọ́. Ó ní kí n rọra fọwọ́ kàn án. Mo ní mi ò bẹ gíláàsì rí láyé mi. Ó wá fi ìka tirẹ̀ ṣí gúrúpù hàn mí. Fọ́tò Apọ́nbéporé rèé, ó ń rẹ́rìn-ín. Lókè rẹ̀, ẹnìkan ń ta wíìgì. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ọmọ ẹnìkan pé ọdún kan. Wọ́n ki ọ̀fọ̀ bọ àárín wíìgì àti kéèkì.

Mo dá fóònù náà padà fún un. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Mi ò sì sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 15 Fẹ́búárì
Ahun dún, àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Olúbùnmi. "Màmá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ dárí jì wá."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọ Ahun láti ọdún mẹ́rìnlá. Èmi ni wọn kò rántí, wọ́n wá ń pe fóònù lẹ́jọ́.

Àbámẹ́ta, 17 Fẹ́búárì
Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. 1998, ìyá Olúbùnmi kú ní Àkúrẹ́. Ọmọ náà ń kàwé ní yunifásítì ní Ugbowo níbí nígbà yẹn, ó ń wá ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi làwọn ẹbí rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n fi rán èèyàn. Mo ní rárá, ẹnu la fi ń túfọ̀. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn nínú òjò. Ó ń dín ẹyin nígbà tí mo dé. Mo jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán. Mo ní kó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo wá sọ ọ́. Ó ké, ó bu mí jẹ léjìká. Mi ò tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sùn tì í.

Èyí ni mo tẹ̀ ránṣẹ́ sí i nírọ̀lẹ́ òní:

"Olúbùnmi. Mi ò gba ẹ kú ara fẹ́ra kù inú fóònù. O jẹ mí ní gbèsè láti ọjọ́ tí ìyá rẹ kú. Wá sílé mi. Jókòó. Di ọwọ́ mi méjèèjì mú, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi pé Títíloyè ti kú. Pé mo ti gbọ́ kò kàn ọ́. Wá san án."