Ẹni Tí Kò Fẹ́ Kí Iná Máa Tàn Nínú Yàrá Òfìfo: Sylvanus Akínyẹlé Ògúnyẹmí (1938–1999)

Ìpele ni a bí Bàbá wa, Sylvanus Akínyẹlé Ògúnyẹmí, sí ní ọdún 1938. Ignatius Ògúnyẹmí, katikíìsì ìjọ Àgùdà, ni bàbá wọn; Ìbílọlá, àgbẹ̀ oníṣu, ni ìyá wọn.

Wọ́n kàwé ní ilé ìwé ìjọ, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná ní Ọ̀wọ̀. Ní 1971, wọ́n gbé Adéfúnkẹ́ níyàwó. Màmá a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń pa iná yàrá kí ènìyàn tó gbé ẹsẹ̀ kejì jáde. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣe títí ìjọba fi dín òṣìṣẹ́ kù ní 1984, tí wọ́n padà wálé.

Ní 1985, Màmá lọ bímọ ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ kan nítòsí Arimogija. Jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Gílóòbù ń tàn, fáànù ń fẹ́ nínú àwọn yàrá tí kò sí aláìsàn kankan. Epo tán lóru nígbà tí ìrọbí le, gbogbo ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Màmá kú, ọmọ náà kú. A kò mọ̀ bóyá iná ì bá gbà wọ́n là. Bàbá gbà pé ì bá gbà wọ́n là.

Láti ìgbà náà, wọn kò ní nǹkan mìíràn lọ́kàn. Wọ́n tú ẹ̀rọ tí a fi ń ṣọ́ olè, wọ́n sì tún un tò kí ó máa mọ̀ bí ènìyàn bá wà nínú yàrá. Bí kò bá sí ẹni tó mira, á pa iná àti fáànù. Wọ́n tún ṣètò wáyà tí nọ́ọ̀sì lè fi pa fáànù yàrá jíjìn láti ìdí tábìlì rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tọrọ ni pé kí ìgbìmọ̀ ìjọ gbà á sí ilé ìgbẹ̀bí náà, kí epo lè kù fún ẹni tó ń rọbí.

Ìgbìmọ̀ ní kí Bàbá kọ́kọ́ gbé e sí ilé ìjọsìn wò. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, 1991, òjò ṣú, gbogbo ìjọ wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àgbélébùú, kẹ́kẹ́ pa. Ẹ̀rọ náà kò rí ẹni tó mira. Iná kú, fáànù dúró. Bàbá bẹ̀bẹ̀ láti orí ìkúnlẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mi orí yín díẹ̀." Alàgbà Ambrose Olúgbádé, alága ìgbìmọ̀, dáhùn pé, "Sylvanus, kí n wá máa mi orí bí alángbá níwájú Olúwa tó wà lórí igi?" Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín, iná sì padà. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá kan ń sunkún pé àmì ikú ni.

Ìgbìmọ̀ ní ohun tó ń ka alààyè sí òkú kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ aboyún. Bàbá ṣàlàyé pé àwọn kò ní fi í sí yàrá ìrọbí rárá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá òfìfo nìkan ni. Ìgbìmọ̀ kò gbọ́.

Bàbá padà lọ bẹ̀bẹ̀ ní 1993 àti 1996, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú kí ẹ̀rọ náà máa dúró pẹ́ kí ó tó pa iná. Kò sí ẹni tó wá wò ó. "Bàbá Alángbá" ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n. Bàbá kò bínú. Àwọn náà ni wọ́n ń tún iná ilé ìjọsìn ṣe títí ara fi kọ̀. Òtútù àyà ló mú wọn lọ ní oṣù Kejì ọdún 1999.

Wọ́n fi àwa ọmọ wọn, Ọmọ́lẹ́yẹ, Akínwọlé, Láníyì, àti àwọn ọmọ-ọmọ sáyé lọ. Ẹ̀rọ wọn wà nílé; kò sí ẹnìkan nínú wa tó mọ̀ ọ́n tò. Ilé ìgbẹ̀bí náà ṣì ń tan iná fún àga àti ògiri.

Bàbá, àwọn ẹlòmíràn a máa bẹ òkú wọn pé kí ó máa ṣọ́ wọn. Àwa kò ní bẹ̀ yín. Ẹ ti ṣọ́ ìṣọ́ yín, kò sì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ bá Màmá. Kí oorun yín ó dùn.