Bí Mo Ṣe Sọ Ọ̀rọ̀ Ìyá Wa Níwájú Àwọn Dókítà

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín láti Òṣòdì. Bí ẹ bá rí i báyìí, ẹ ò ní dá a mọ̀. Katapílà ti wó àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, wọ́n ń la ọ̀nà ńlá kan kọjá, eruku ò sì jẹ́ ká lè sá aṣọ síta. Wọ́n ní epo rọ̀bì ti sọ wá di olówó. Ẹni tí kò bá máa kọ́lé, á máa ra mọ́tò. Èmi ò tíì ra nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn kọjá ní Bọ́ládé, bíi tiyín, àmọ́ mi ò kí èèyàn tó bí ẹ ṣe máa ń kí wọn. Ẹ̀yin lẹ máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ reluwé torí pé ẹ ń béèrè àlàáfíà ọmọ gbogbo ayé.

Ohun kan wà tí mo ṣe, tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Ẹ rántí ẹ̀ka yunifásítì tí mo wà, níbi tí a ti ń tọ́jú àrùn ọpọlọ. Nígbà tí mo sọ fún yín pé iṣẹ́ tí mo yàn nìyẹn, ẹ ò bá mi jà. Ẹ kàn bi mí pé ṣé kò sí ẹ̀yà ara mìíràn tó ń dun èèyàn ni. Iṣẹ́ méjì la ń ṣe níbẹ̀: a ń tọ́jú aláìsàn ní wọ́ọ̀dù, a sì ń ṣe ìwádìí. Ọ̀gá wa, ọ̀jọ̀gbọ́n tí irun orí rẹ̀ ti funfun, ló ní kí a wádìí àìsàn tó ń kọ lu àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní àbísínwín. A máa ń lọ sí àwọn ilé ìgbẹ̀bí ní Ìsọlọ̀, à ń bi àwọn ìyá léèrè bí oorun wọn ṣe rí, àti ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Rísìkátù. Aránṣọ ni. Ganíyù ọkọ rẹ̀ ń fi lọ́rì kó sìmẹ́ǹtì láti èbúté. Bó ṣe bímọ tán ni oorun dá lójú rẹ̀. Ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun, pé èyí tó wà nílẹ̀ kì í ṣe tòun. Ìyá ọkọ rẹ̀ gba ọmọ náà lọ, Ganíyù sì gbé ìyàwó rẹ̀ wá bá wa. Abẹ́rẹ́ àti oògùn mú kí ariwo orí rẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rọlẹ̀ tán, obìnrin náà ò jẹun mọ́. Ògiri ló máa ń kọjú sí, omi ọmú á sì máa rin bùbá rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó tì í. Ó ní, “Dókítà, ọmọ yẹn, tèmi ni, àbí?”

Mo ní, “Tìẹ ni, Rísì.”

Ó ní, “Wọn ò ní gbé e fún mi mọ́.”

Kò parọ́. Ganíyù ti wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó di fìlà rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ìyá òun ní kí òun dá Rísìkátù padà fún àwọn òbí rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, kí òun fẹ́ ẹlòmíràn. “Ẹ sọ òótọ́ fún mi, Dókítà. Ṣé ó máa dáa?”

Nígbà tí àwa dókítà pé jọ fún ìpàdé, mo dìde, mo ní kí a jẹ́ kí wọ́n máa gbé ọmọ náà wá bá ìyá rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù.

Ọ̀gá ní, “Ọmọ jòjòló, nínú wọ́ọ̀dù yìí? Bó bá sọ ọ́ mọ́lẹ̀ ńkọ́?”

Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù ojo. Ó ń ba èmi náà. Ó tún bi mí pé, “Kí lo rí tó fi dá ọ lójú?”

Bàbá, ó yẹ kí n tọ́ka sí ìwé. Ẹ̀yin ni mo rí.

Mo sọ fún wọn pé nígbà tí wọ́n bí Délé àbúrò mi, ìyá mi jókòó sí igun yàrá wa ní kọ́tà reluwé, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó ní àwọn kan ń bá òun sọ̀rọ̀ láti inú irin reluwé. Àwọn mọ̀lẹ́bí wá láti Èkìtì, wọ́n ní kí wọ́n mú un lọ sílé, kí wọ́n lọ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ẹ ò gbà. Mo sọ bí ẹ ṣe fi ọ̀já pọn Délé, ọkùnrin bíi tiyín, tí ẹ jókòó ti ìyá mi. Ẹ máa ń gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀, ọwọ́ yín á sì wà lábẹ́ ọmọ. Ẹ ò fi ọmọ sílẹ̀ fún un, ẹ ò sì gbé e sá fún un. Àwọn ọkùnrin kọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín ní Ìyá Délé. Ẹ máa ń jẹ́ wọn.

Ṣé inú ń bí yín? Nígbà tí ara Ìyá yá tán, ẹ pè mí, ẹ ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa, inú ilé wa ni yóò kú sí. Mo pa á mọ́ títí ẹ fi papò dà. Ṣé ẹ rò pé mo tú ìyá mi síhòòhò níwájú àlejò?

Ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, “Nígbà tí bàbá yín bá wà níbi iṣẹ́, ta ló ń di ọmọ mú?”

Mo ní aládùúgbò kan ni.

Ó ní, “Ẹ wá ẹni tí yóò máa di tiwa náà mú.”

Sístà tó ń mójú tó wọ́ọ̀dù gbà láti ṣe é. Láàárọ̀, ìyá Ganíyù á gbé ọmọ wá, bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé e padà. Kò fẹ́ràn wa. Ó máa ń di ọmọ náà mọ́yà bí ẹni tó wọ àárín olè. Rísìkátù kò kọ́kọ́ wo ọmọ náà rárá. Mo ti fẹ́ gbà pé mo ṣìnà. Àfi ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí ọmọ náà fi igbe ta, gbogbo wa dìde, Rísìkátù sì ti nawọ́. Sístà gbé e fún un, ó sì dúró tì wọ́n. Ọmọ wá ọmú, ó rí i. Ìyá Ganíyù wò ó títí, ó ní, “Ó mà mọ ìyá ẹ̀.” Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo lọ bá Ìyá nílé Délé. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo jẹ́wọ́ pé mo ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Kò gbójú sókè.

“Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ kí wọ́n bò ó? Bàbá ẹ ni. Ó rò pé ojú ń tì mí. Kò bi mí rí.”

Ṣé lóòótọ́ ni, Bàbá? Gbogbo ọdún yẹn, ẹ ò bi í rí?

Ara Rísìkátù ti yá nígbà náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ lọ sílé. Ó ní àwọn ará àdúgbò á máa na ìka sí òun, kò sí ẹni tó máa gbé aṣọ wá fún wèrè láti rán. Kò sí oògùn tí a ní fún ìyẹn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá, ó gbọn ìyàngbò ẹ̀wà kúrò lára, ó ní kí n mú òun lọ.

Ó tẹ̀ lé mi dé wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kejì. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Rísìkátù.

Ó ní, “Ibi tí o lọ yẹn, mo débẹ̀ rí.”

Rísìkátù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo gèlè rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀. “Ẹ̀yin, Màmá?”

“Èmi yìí. Mo sì ti bọ̀ tipẹ́. Dìde, jẹ́ ká di ẹrù ẹ.”

Mo fẹ́ràn yín, Bàbá. Ìyá ní kí n kí yín.

Èmi ni,
Àkọ́bí yín.