Ìyàwó Wa Tó Wà Lókè

Accokeek, Maryland,
Amẹ́ríkà.

Mọ̀nsúrát, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bó ṣe wù ú, mo sì ti sọ fún un pé kò sí ibi tó ń lọ tí kò ní í mú mi dání. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ìwọ náà pẹ̀lú eegun tó le àti ojú tó ń ríran. Sẹ̀kínát ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Òní ni kò lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó fẹ́ sùn, mo ní kó jókòó kó kọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi oyin sí i.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù. O ní Rasaq ọmọ rẹ sọ pé Moshood ti fẹ́ ìyàwó kejì ní ilẹ̀ Faransé, pé ìjọba ń wá a, o sì ń bi mí pé ṣé kí o kí wa kú oríire ni àbí kí o bá wa sunkún. Má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ìyàwó kan ṣoṣo ni Moshood ní. Morọ́láyọ̀ náà ni, tí ìwọ fúnra rẹ da omi sí lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé wa ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í dúró lójú kan, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí á kọ ọ́ sínú ìwé, kí Rasaq lè kà á sókè fún gbogbo àwọn tó ti sọ ọ́ fún.

O mọ̀ pé Moshood kì í ṣe ọmọ-ọmọ lásán sí mi. Láti ìgbà tí Abísọ́lá ọmọ mi, ìyá rẹ̀, ti kú, èmi ni mo tọ́ ọ. Ẹ̀yìn mi ló gbé títí ó fi mọ ìrìn. Nígbà tó fẹ́ wá kí mi níbí, wọ́n fi físà Amẹ́ríkà dù ú, ó tún gbìyànjú, wọ́n tún fi dù ú. Mùsùlùmí sì ni wá. Bí mo bá kú láàárọ̀, wọn kò ní í dúró de físà ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó sin mí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí Moshood bá di ọmọ onílùú ní Faransé, tó gba pásípọ́ọ̀tù wọn, tí wọn kì í béèrè físà lọ́wọ́ ẹni tó ní in níbí, ọ̀nà ibí yóò là fún un. Nítorí náà, òun nìkan kọ́ ló fẹ́ ìwé yẹn. Èmi náà fẹ́ ẹ, mo sì fẹ́ ẹ kí n tó kú, nítorí kò ní í wúlò fún mi lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni mo wọ ọkọ̀ òfurufú lọ kí wọn ní Montreuil, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pàríìsì. Búrẹ́dì ni Moshood ń ṣe níbẹ̀. Búrẹ́dì ọ̀hún gùn bí ọmọ odó, ó sì le bí ọmọ odó. Eyín mẹ́ta tó kù sí mi lẹ́nu kò bá a ṣọ̀rẹ́, inú tíì ni mo ń rì í bọ̀. Síbẹ̀ láràárọ̀ ni èrò ń tò dè é bí ẹni tó ń dúró de sàárà.

Ìlú náà tẹ́ mi lọ́rùn ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n mọ ìkíni. Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí o kò kọ́kọ́ sọ pé bọ́ńjúù, wọn yóò wò ọ́ bí ewúrẹ́ tó yà wọlé. Bọ́ńjúù nìkan ni mo kọ́, ó sì tó mi jẹun. Ohun tí mi ò fẹ́ lára wọn ni ìyanṣẹ́lódì. Ọjọ́ tí mo wọ aṣọ mi tí mo ní mo fẹ́ lọ wo Pàríìsì, àwọn awakọ̀ ojú irin ní àwọn ò ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni àwọn aṣòfin yọ olórí ìjọba wọn, kí n sì tó tú ẹrù mi tán, ẹlòmíràn ti wà lórí àga. Lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn àjèjì ni wọ́n ń jà lé lórí. Èyí ní kí wọ́n máa lọ, èyí ní kí wọ́n dúró. Moshood yóò jókòó síwájú rẹ̀, yóò máa jẹ èékánná. Mo ní kó pa á. Mo ní irú rẹ̀ náà là ń gbọ́ ní Amẹ́ríkà, a ṣì ń jí, a ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Ó ní, "Ìyá àgbà, kò yé yín ni. Òfin ń le sí i. Ẹni tí wọ́n bá dá padà báyìí, ó di gbére."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pe Moshood kí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nítorí ìwé ọmọ onílùú náà. Obìnrin kan ló jókòó síwájú rẹ̀. Ó bi í nípa ìtàn wọn, ó bi í nípa àsíá wọn àti òfin wọn, Moshood ń dáhùn bí ẹni ń mu ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà wá béèrè èyí tó rọrùn jù. Ó ní ta ló ń lọ mú àwọn ọmọ níléèwé nígbà tí Moshood àti ìyàwó rẹ̀ bá wà níbi iṣẹ́? Moshood rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó wa tó wà lókè ni, màdáámù."

O mọ ẹni tó ń sọ. Èyíwùnmí ni, ìyàwó Abdulwahab, ọmọ àbúrò bàbá Moshood. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, Moshood nísàlẹ̀, Abdulwahab lókè. Lọ́dọ̀ wa, kí ni èèyàn yóò pe ìyàwó àbúrò rẹ̀? Ìyàwó tó wọlé, gbogbo ilé ló fẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹnu Faransé ni ọmọ yìí fi sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó yín?" Moshood ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó wa. Ọmọ dáadáa ni. Òun àti ìyàwó mi kì í jà rárá."

Mọ̀nsúrát, ní ilẹ̀ yẹn, òfin kò gbà kí ọkùnrin kan ní ìyàwó méjì. Ẹni tó bá ní méjì, kó gbàgbé ìwé.

Kò mọ ohun tó ti ṣe. Ó délé, ó ń fọ́nnu. Morọ́láyọ̀ ní kó tún gbogbo rẹ̀ sọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Nígbà tó dé ibi ìyàwó wa tó wà lókè, Morọ́láyọ̀ káwọ́ lérí, ó ní, "Bàbá Ọmọ́kẹ́mi, ẹ ti fẹ́ ìyàwó lé mi níwájú ìjọba!" Ṣe ni Moshood jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó pe ọ́fíìsì náà lórí fóònù kó lè ṣàlàyé, orin ni wọ́n ń kọ fún un. Kò pẹ́ ni wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo ilé.

Ó wá sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá ṣọ́jà lé wa lórí. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé "ìyàwó", ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé "ọkọ", Èyíwùnmí kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí àwọn àlejò yóò fi lọ. Mo sọ fún un pé ẹni tí kò jalè tó ń sá pamọ́, òun ló ń pe ọlọ́pàá. Kò gbọ́.

Obìnrin náà dé pẹ̀lú ọkùnrin kan. Mo ní bọ́ńjúù, wọ́n ní bọ́ńjúù. Ọmọ́kẹ́mi, àkọ́bí Moshood, ló jókòó tì mí tó ń ṣe ẹnu fún mi, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, nítorí Morọ́láyọ̀ kì í sọ nǹkan mìíràn sí àwọn ọmọ nílé ju Yorùbá lọ. Wọ́n wo yàrá, wọ́n wo bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Moshood da tíì fún wọn.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Èyíwùnmí ti gbọ́ ohùn àlejò, ọ̀rọ̀ náà sì ju agbára rẹ̀ lọ. Ìyàwó ilé wo ni yóò káwọ́ jókòó sókè nígbà tí àlejò ń gbé ẹnu òfìfo nísàlẹ̀? Ó gbé mọ́ínmọ́ín wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú Moshood, ó ní, "Ẹ kú àlejò o, ọkọ mi."

Obìnrin náà bi Ọmọ́kẹ́mi pé kí ló sọ. A ti kọ́ Ọmọ́kẹ́mi kó má máa purọ́. Ó ní, "Ó ní, ẹ kú àlejò, ọkọ mi."

Òógùn bo Moshood bí ẹni tó ṣí ẹnu ààrò búrẹ́dì. Ojú rẹ̀ dà bí ìgbà tó fọ́ ìkòkò omi mi ní kékeré, inú sì bí mi. Èmi náà gbàgbé àṣẹ ọ̀gá ṣọ́jà. Mo ní, "Ọkọ mi, jókòó jàre, kí lo ń gbọ̀n fún?" Obìnrin náà tún yíjú sí Ọmọ́kẹ́mi. Ọmọ́kẹ́mi ní, "Ìyá àgbà náà ní ọkọ àwọn ni."

Obìnrin náà wò mí láti gèlè dé ìbọ̀sẹ̀. Ó ní ṣé òótọ́ ni. Mo ní kí Ọmọ́kẹ́mi sọ fún un pé òótọ́ ni, pé ọjọ́ tí wọ́n bí i ni mo ti fẹ́ ẹ, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń nù ún nídìí. Mo ní mo tún ní ọkọ mìíràn, mo nawọ́ sí àbúrò Ọmọ́kẹ́mi tó ń rá nílẹ̀. Mo ní ìyẹn ló kéré jù nínú àwọn ọkọ mi, ó ṣì ń tọ̀ sára. Mo ní kó bi í bóyá ẹnu eléyín mẹ́ta jọ ẹnu ìyàwó tuntun.

Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, tíì sì gba imú rẹ̀ jáde. Obìnrin náà gbìyànjú láti mú ojú le, kò ṣeé ṣe, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ibi tí a wà nìyẹn tí Abdulwahab fi yọ orí wọlé, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyàwó mi wà níbí? Ebi ń pa mí." Obìnrin náà ní, "Ìyàwó ta?" Abdulwahab ní, "Ìyàwó mi kẹ̀!" Ó sáré gòkè lọ mú ìwé ìgbéyàwó wọn wá, kò sì mọ ohun tí gbogbo wa ń rín.

Moshood wá rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé pé orúkọ lásán ni gbogbo ilé fi ń jẹ ọkọ, pé ẹni tó fẹ́ ìyàwó mọ ara rẹ̀. Obìnrin náà bi mí pé bí òun bá fẹ́ ọmọ ilé wa, kí la ó máa pe òun. Mo ní ìyàwó wa ni, pé ọmọ tó ń rá nílẹ̀ yìí pàápàá yóò máa pè é ní ìyàwó òun, yóò sì máa rán an níṣẹ́. Wọn kò jẹ mọ́ínmọ́ín náà, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn kò gbà á. Ọkùnrin náà wò ó títí kí wọ́n tó jáde.

Síbẹ̀ wọn kò ṣèlérí kankan. Mo padà wá sí Accokeek, òtútù dé, òtútù lọ, a kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbàkigbà tí fóònù bá dún, ni Sẹ̀kínát yóò wo ojú mi, tí èmi náà yóò wo tirẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń sọ òkò lu àwọn àgbọ̀nrín tó ń ti inú igbó wá jẹ tẹ̀tẹ̀ mi, nígbà tí Moshood pè. Ó ń sunkún. Mo ní bó bá jẹ́ ikú ni, kó sọ ọ́. Bí kì í bá ṣe ikú, kó nu imú rẹ̀ kó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá àgbà, wọ́n ti fún mi o!" Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbọ̀nrín fi sá wọgbó, ohun tí òkò mi kò rí ṣe láti àárọ̀. Sẹ̀kínát sáré jáde, ó rò pé mo ti ṣubú. Ìdí ijó ló bá mi. Orúnkún ọ̀tún náà jó, kò bi mí kó tó jó. Sẹ̀kínát bá mi jó nínú aṣọ ọsibítù rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wa mọ́tò gbé mi lọ sí Brandywine, ìlú kan nítòsí wa, a lọ ra adìẹ.

Moshood àti àwọn ọmọ ń bọ̀ nígbà ọlidé, nítorí orúkọ àwọn ọmọ wà nínú ìwé bàbá wọn. Morọ́láyọ̀ ló kù tí yóò lọ jókòó níwájú ìjọba nítorí ìwé tirẹ̀. Mo ti pè é, mo ní kó má gbàgbé pé ìyàwó Abdulwahab ni Èyíwùnmí ń jẹ́ lọ́hùn-ún. Òun náà ń pè é ní "ìyàwó mi", bó bá sì fi ìyẹn dá wọn lóhùn, ẹjọ́ tuntun nìyẹn. Ní tèmi, mo ti sọ fún Moshood pé kó fara balẹ̀ wọkọ̀, mi ò tíì ṣe tán láti kú. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti balẹ̀. Ọjọ́ tó bá yá, ọwọ́ tí mo wẹ̀ ni yóò bu erùpẹ̀ sí mi.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ayọ̀ kọjá ilé rẹ láì yà. Kí ó fún Rasaq ní etí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ parí. Kí àwọn ọmọ wa máa rí ilé wọ̀ níbikíbi tí wọ́n bá wà, kí ojú ìwọ àti èmi sì tún ríra láàyè. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí a jọ mu ọmú kan náà,
Rábíátù.

Mo tún rántí: Sẹ̀kínát ń bẹ̀ mí pé tí a bá lọ pàdé Moshood ní pápákọ̀ òfurufú, kí n má pè é ní ọkọ mi títí a ó fi wọ mọ́tò, nítorí ibẹ̀ kún fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Mo ti gbọ́. Mi ò ṣèlérí.