Ẹ̀rín Làmídì

Ìgandò, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Bọ́sẹ̀ ọmọ mi, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ń sọ fún Làmídì ọ̀rẹ́ mi pé òjò ti wó ibojì ìyá rẹ. Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo lé e jáde.

Lónìí ni ìyàwó rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀gùn, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ má bínú. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ tó ṣe é ti ba ibi téèyàn fi ń mọ ìbànújẹ́ ẹlòmíì jẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Mo ń sunkún lánàá, ó ní kí n gbé oúnjẹ òun wá.”

“Ṣé ọpọlọ ló ń ṣàánú èèyàn ni? Mo ṣebí ọkàn ni.”

“Èmi náà ṣebí ọkàn ni. Ó ṣì ń bèèrè yín ṣá.”

Ó dìde, ó lọ.

Rọpárọsẹ̀ ò ṣe èmi. Mo rí omijé obìnrin yẹn, ó yé mi, síbẹ̀ mi ò ní kó jókòó. Látìgbà tí ìyá rẹ ti kú...

Màá lọ sí Ìjẹ̀gùn lọ́la. Bí Làmídì bá tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in níṣojú mi. Màá jókòó tì í.