Ìṣó Inú Agolo Pọ́líìṣì

Èmi, Jòsáyà Ọlọ́runyọmí Akínfọlárìn, ọmọ bíbí Òdìgbò, tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún yẹ kòkó wò fún ìjọba ní Òrè, ni mo ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, orí mi pé. Ohun tí mo bá kọ síbí, mo mọ̀ ọ́n, mo sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìwé ogún tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo ti dáná sun ún.

Baba Ìjọ Ọlọ́runbùnmi, àti ìwọ Àmínù tí ò ń fín ọ̀dà sí ọkọ̀ ní gáréèjì Òrè, ẹ̀yin méjèèjì ni mo fi ṣe alámùúṣẹ. Ẹ kà á sétí gbogbo ẹbí. Kí Olúsọjí jókòó síwájú.

1. Ilé mi ní Òdìgbò àti oko kòkó mi ní Omifunfun, mo fi wọ́n fún Fọlákẹ́, ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣe tíṣà ní Àgọ́ Aláyè. Joanna ìyàwó mi kò bímọ kó tó kú. Fọlákẹ́ ló tọ́jú rẹ̀ nígbà àìsàn.

2. Ewúrẹ́ mi mẹ́ta, fún ilé àdúrà wa. Kí wọ́n má fi èyí tó ní ìwo kan ṣoṣo ṣe ìkórè, torí Joanna ló sọ ọ́ lórúkọ.

3. Ọkọ̀ Mọ́ríìsì mi aláwọ̀ aró, fún Fọlákẹ́ kan náà, pẹ̀lú kọ́mpáńdì tó ń họ ojú ọ̀dà kó lè dán, pọ́líìṣì àti àwọn àkísà fúláńẹ̀lì.

Fọlákẹ́, abẹ́ òjìji ni kí o ti máa tọ́jú ọ̀dà rẹ̀. Kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ eruku títì kúrò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eruku náà ni wàá máa fi ha ọkọ̀. Bí o bá rí ìlà, fi èékánná tọ́ ọ wò. Bí èékánná kò bá kọ́, ojú ọ̀dà lásán ni. Fi kọ́mpáńdì rọra yí i títí yóò fi lọ. Bí èékánná bá kọ́, ó ti dé irin nìyẹn, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Ìlà tó wà lára ilẹ̀kùn òsì, níbi tí Joanna máa ń jókòó sí, ń kọ́ èékánná. Mo mọ ẹni tó fà á.

4. Ó kan Olúsọjí, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, káfíńtà. Òun ló kọ́kọ́ ń kọ lẹ́tà sí Joanna. Mo fi ọkọ̀ gbé Joanna lọ sí ìkórè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yàn mí. N kò tọrọ àforíjì nígbà yẹn, n kò sì ní í tọrọ báyìí.

Ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 1960, àsíá òmìnira ṣì wà lójú títì. A jáde nínú ilé àdúrà, a bá ìlà gbọọrọ lára ilẹ̀kùn náà, láti etí kan dé ìkejì. Joanna sunkún nínú aṣọ funfun rẹ̀. Lẹ́bàá táyà ni mo ti rí ìṣó íǹṣì mẹ́ta, ọ̀dà aró wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ki í bọ àpò. Olúsọjí rò pé mo ti gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Láti ọdún mẹ́rin yìí, ní gbogbo Sátidé, mo ń fi kọ́mpáńdì dán bọ́nẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ara ọkọ̀ náà, mo sì ń gbé e kọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òdìkejì títì, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ lè ti ara rẹ̀ ta sí i lójú. Ó fi ẹní bo fèrèsé, mo sún ọkọ̀ sí ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Ilẹ̀kùn òsì nìkan ni n kì í fọwọ́ kàn, kó lè máa wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Joanna kú ní ọdún 1962, Olúsọjí kan pósí rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Ó fi sáńpépà dán an, ó kùn ún, títí mo fi ń rí ojú mi nínú rẹ̀. Ó dán ju ọkọ̀ mi lọ. Ìlà yẹn, bóyá ǹ bá dárí rẹ̀ jì í. Pósí yẹn, rárá.

5. Mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n tú ilẹ̀kùn òsì, kí wọ́n gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù Olúsọjí, kí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa wò ó. Mo fagi lé e. Láàárọ̀ yìí mo lọ wo ọkọ̀ náà kí n lè júwe rẹ̀ dáadáa nínú ìwé yìí. Mo ti fi ọwọ́ ara mi dán ọ̀dà bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ara ọkọ̀ títí ó fi họ tán; funfun abẹ́ rẹ̀ ti yọ síta. Àmínù kìlọ̀ fún mi pé ọ̀dà kì í hù padà bí irun, mo ní kó lọ máa wo iṣẹ́ tirẹ̀. Mo wá bu omi sí ilẹ̀kùn òsì, mo fi àkísà nù ún lẹ́ẹ̀kan péré. Aró ọjọ́ ìgbéyàwó wa jáde. Ibẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù sí, lókè àti nísàlẹ̀ ìlà Olúsọjí.

Fọlákẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ilẹ̀kùn yẹn.

6. Kí Olúsọjí kan pósí mi. Kó má fi sáńpépà kàn án. Mo fi ìṣó íǹṣì mẹ́ta tó wà nínú agolo pọ́líìṣì fún un. Ọ̀dà aró ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kí Baba Ìjọ gbé e lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn, kí ó sì jẹ́ ìṣó tí yóò gbá mọ́ pósí mi kẹ́yìn. Bí ó bá kọ̀, ẹ má sin mí títí yóò fi gbá a.

Mo fọwọ́ sí i ní Òdìgbò, ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1964.

J. Ọlọ́runyọmí Akínfọlárìn

Àwọn ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ nígbà tó fọwọ́ sí i:
Ọlọ́runtóbi Akínwándé, akọ̀wé ilé àdúrà, Òdìgbò
Sàádátù Gàzálì, oníṣòwò, Òrè