Maṣíìnì Bọ́sẹ̀dé àti Ọlọ́jà Tí Kò Jà fún Ọjà Rẹ̀

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀rinrin, ẹ kú àárò ọmọ yín tó bá iṣẹ́ olùkọ́ wá sí Èkó. Láti Ẹ̀gbẹ́dá níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, ẹ má wò ó pé inú ìwé ni. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó wọn. Mo kí àwọn ìyá tí ẹ jọ ń pàtẹ lọ́jà nígbà kan. Mo sì kí Bọ́sẹ̀dé àbúrò mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ jẹ́ kó kà á sí yín létí, kó má sì fo ibì kankan. Mo ti ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde kí ọmọ ẹlòmíì lè rí i kà. Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, ṣùgbọ́n èmi á sọ ní tèmi o.

Ara mi yá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí àyà yín má baà já. Nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀, kò ṣẹlẹ̀. Orí yọ mí, Màámi, ọwọ́ yín sì wà nínú bó ṣe yọ mí, bẹ́ẹ̀ ẹ jókòó sí Èkìtì jẹ́jẹ́ yín. Mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Iṣẹ́ ń lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ṣì ni wọ́n fi sí mi lọ́wọ́, wọ́n pọ̀, ariwo wọn sì ju iye wọn lọ. Òjò ti sọ ọ̀nà ilé mi di ẹrẹ̀, inú ọ̀rá ni mo máa ń gbé bàtà mi sí, ó di ẹnu géètì iléèwé kí n tó wọ̀ ọ́. Ohun tó nira jù ni ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kálukú nínú ilé á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Fóònù ló wá di alábàárò mi. Ibẹ̀ náà ni wàhálà gbà wọlé.

Ẹ mọ ohun tí ọ̀gá Bọ́sẹ̀dé ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé òun kì í ṣe fúrídọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ tí kò bá ní maṣíìnì ìránṣọ tirẹ̀. Àárín èrò ni wọ́n máa ń gbé maṣíìnì sí lọ́jọ́ náà, wọ́n á gbàdúrà lé e lórí, kí wọ́n tó fi àlùmọ́gàjí lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ pé ó ti di ọ̀gá. Àwọn tó bá Bọ́sẹ̀dé wọṣẹ́ ti ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ti mọ iṣẹ́ jù wọ́n lọ, ẹ̀yin náà mọ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń gbálẹ̀ fún ọ̀gá láràárọ̀ torí pé kò ní maṣíìnì. Èmi ni mo ṣèlérí pé màá rà á. Odindi ọdún kan ni mo fi dá àjọ pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Tí owó yẹn bá lọ, ọdún kan mìíràn ni àbúrò mi máa fi gbálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín bí Bọ́sẹ̀dé ti ń kà á lọ.

Ọjọ́rú kan, àsìkò ìsinmi àwọn ọmọ, mo ń wo fóònù nínú yàrá àwọn olùkọ́, ni mo bá rí ìkànnì kan tí wọ́n ti ń ta maṣíìnì. Ó dúdú, ó ń dán, tábìlì rẹ̀ pé, pẹ́dà rẹ̀ pé. Owó rẹ̀ kò ju ìdajì iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ṣọ́ọ̀bù àwọn wà lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù. Mo ní háà, ẹ̀yìnkùlé wa níbí! Kíá, mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

Ọkùnrin kan ló dáhùn, tàbí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọkùnrin. Mo sọ fún un pé fúrídọ̀mù àbúrò mi ni mo fẹ́ rà á fún. Yéè! Àṣé mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ ara mi lé e lọ́wọ́. Ó ní Ọlọ́run á bá mi tọ́jú àwọn tèmi. Mo kọ àmín. Ó ní aṣọ àwọn èèyàn ńlá ni àbúrò mi á máa fi maṣíìnì náà rán. Mo kọ àmín, mo fi àwòrán ọwọ́ àdúrà méjì sí i. Ó wá ní ìyá mi á pẹ́ láyé jẹun ọmọ. Màámi, ibẹ̀ ni mo ti yọ́ pátápátá. Ẹ mọ bí àwa ṣe rí. Ẹni tó bá ti ṣàdúrà fún ìyá wa, a ti gbà pé ọmọ ilé ire ni, a ò ní bi í pé ta ni bàbá rẹ̀ mọ́.

Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, àwọn méjì mìíràn ń wò ó, kí n yáa sanwó kí iléèwé tó parí. Ó fi nọ́ńbà àkántì ránṣẹ́. Orúkọ obìnrin ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Mo rí i o, kì í ṣe pé mi ò rí i. Mo dá ara mi lóhùn pé bóyá ìyàwó rẹ̀ ni. Ojú mi ti wọ owó pọ́ọ́kú, mi ò lè parọ́ fún yín.

Ohun tó gbà mí nìyí. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó ni mo ti fi ọjà níná sílẹ̀. Oṣù tí mo kọ́kọ́ dé, mo ná ṣúgà nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ni ọmọbìnrin tó ń gbowó bá bú sẹ́rìn-ín, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá wo èèyàn. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà, iye tí wọ́n bá kọ sí nǹkan ni mò ń san. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú yẹn, mi ò mọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀, ọwọ́ mi kàn ṣàdédé tẹ ìdajì iye tó pè é. Ìdajì nínú ìdajì! Lọ́kàn mi, á pariwo, èmi á fi díẹ̀ kún un, òun á já díẹ̀, a ó sì pàdé láàárín. Ọkùnrin náà ní ó ti dáa, mà, kí n máa fi í ránṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbà á o. Kò pòṣé. Kò bi mí bóyá orí mi pé. Ó yẹ kí inú mi dùn, àyà mi ló já. Mo kàn rí ara mi nídìí ìsọ̀ yín, lọ́mọdé, láàárín ìkòkò irin àti abọ́ tánganran. Mo rántí ọjọ́ tí a jọ lọ ra abọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan, tí ẹ dá iye tí kò bójú mu lé e, tó sì gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fà mí lọ́wọ́, a kúrò níbẹ̀. Mo bi yín pé kí ló dé nígbà tó ti gbà. Ẹ ní ẹni tó bá fowó ara rẹ̀ ra ọjà, tí wọ́n bá ná an nínákúnàá, ó gbọ́dọ̀ dùn ún. Tí kò bá dùn ún, á jẹ́ pé ó jí i ni, tàbí ó ti fọ́ lábẹ́. Màámi, ìkẹta ló kù tí ẹ ò mọ̀, fóònù ló kọ́ mi: ó lè jẹ́ pé kò ní ọjà kankan rárá.

Síbẹ̀, mo ń fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ṣá. Mo ti tẹ iye owó náà sórí fóònù, nọ́ńbà àṣírí mi nìkan ló kù kó lọ. Ọ̀gbẹ́ni Múfútáù tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ló jókòó tì mí. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní ṣé kò sí. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní ojú ọ̀nà Ìdímù kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, kẹ̀kẹ́ ń gbéni débẹ̀, kí n gbé fóònù sílẹ̀, kí n lọ fojú ara mi wò ó. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́ kì í bínú pé oníbàárà ń bọ̀ wá wo ọjà. Mo sọ fún ọkùnrin orí fóònù pé mò ń bọ̀. Ó ní wọ́n ń tún ṣọ́ọ̀bù ṣe, wọn kì í gba àlejò, tí mo bá sì fi falẹ̀, owó á lọ sókè. Kò gbàdúrà kankan mọ́.

A parí iléèwé, mo wọ kẹ̀kẹ́. Mo ka nọ́ńbà ojúlé kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé èyí tí wọ́n kọ sórí ìkànnì náà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni! Ìyá kan ń fi ìgbálẹ̀ gbọ́n omi òjò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tíì sọ nǹkan kan tí wọ́n fi bi mí bóyá èmi náà wá fún maṣíìnì. Wọ́n ní èmi ni ẹnìkẹta lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní obìnrin kan wá lọ́jọ́ Ajé tó ti san gbogbo owó rẹ̀, orí pèpéle yẹn ló jókòó sí tó ń sunkún, ó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òun, bóyá inú ni maṣíìnì wà. Èmi náà jókòó sórí pèpéle. Ìyá náà fún mi ní omi inú ọ̀rá, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi mu ún tán.

Nígbà tí mo dìde, ẹ̀rín ló gbà mí lẹ́nu, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ já sí kòtò tí kò já sí i mọ́. Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọkùnrin náà pé mo ti dé ṣọ́ọ̀bù, kó jáde wá, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Ó fi èébú ránṣẹ́, ó sì dínà mọ́ mi lórí fóònù kí n tó fèsì. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé mo gba gbogbo àmín mi padà lọ́wọ́ rẹ̀, àyàfi ti ẹ̀mí gígùn yín. Ọlọ́run ló ni ìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀. Obìnrin tó sunkún yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ní àbúrò tó ń gbálẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sí Dọ̀pẹmu. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń tún maṣíìnì ṣe, tó sì ń tà á. Mo bèèrè iye, wọ́n pè é. Mo dá tèmi lé e. Màámi, ẹ bá mi yọ̀! Bàbá yọ awò ojú wọn, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní ta ló rán mi sí àwọn. Wọ́n fi aṣọ bo maṣíìnì, pé mo ti sọ ọjà òwúrọ̀ dìdàkudà. Mo pòṣé, mo kẹ́rù, mo lọ. Mo dé etí gọ́tà kí wọ́n tó pè mí padà. Mo fi díẹ̀ kún un, wọ́n já díẹ̀, wọ́n ké sí Ọlọ́run kó wá ṣẹlẹ́rìí. Ó dùn wọ́n dọ́kàn, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn, torí mo mọ̀ pé maṣíìnì wà, pé tiwọn ni, pé owó ara wọn ni wọ́n fi rà á. Nígbà tí a parí ọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n jókòó rán àkísà kan wò. Ojú ìrán náà gún gbọọrọ. Wọ́n kọ rìsíìtì, wọ́n sì ní tó bá kọṣẹ́, kí n gbé e padà, ibẹ̀ ni àwọn ń wà lójoojúmọ́.

Bọ́sẹ̀dé tó ń kàwé, dákẹ́ ẹ̀rín, ọ̀rọ̀ tìẹ ló kù. Mo mọ̀ pé o ti ń wo lẹ́ẹ̀sì àti bọ́tìnnì lórí fóònù. Mi ò ní kó o má rà á o. Ọ̀gbẹ́ni Múfútáù ń ra ìwé níbẹ̀ dáadáa, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń gbà á, wọ́n á tú u wò kí wọ́n tó sanwó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kó o sáré, rọra. Tó bá ní ọjà wà nílẹ̀, ní kó kọ orúkọ rẹ sórí ìwé, kó gbé e lé ọjà náà, kó yà á ní fọ́tò wá. Nọ́ńbà tí báńkì bá sì fi ránṣẹ́ sí ẹ, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà kó mọ àdúrà bíi bíṣọ́ọ̀bù. Èyí tó jù ni kó o ná an. Ná an nínákúnàá, kó o wá gbọ́ bóyá ó máa pariwo.

Màámi, ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ló gbé maṣíìnì náà. Kí ẹ̀gbọ́n mi bá wa gbà á ní gáréèjì. Kí Bọ́sẹ̀dé lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n mú ọjọ́.

Nígbà tí Bàbá wa lọ, ẹ pe èmi àti Bọ́sẹ̀dé jókòó, ẹ ní ẹ má bínú, ẹ ò nílẹ̀, ẹ ò nílé, ìsọ̀ abọ́ nìkan lẹ ní, ẹ ò sì mọ ogún tí ẹ máa fi sílẹ̀ fún wa. Mi ò rí èsì fún yín lọ́jọ́ náà, ẹkún ni mo sun. Èsì náà ló ń bọ̀ nínú ọkọ̀ yìí. Ẹ pín ogún fún wa, Màámi. Ó ti dé ọwọ́ mi, ó sì ti ra maṣíìnì fún àbúrò mi.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ ó jókòó níwájú lọ́jọ́ fúrídọ̀mù, ẹsẹ̀ yín á mókun, ojú yín á ríran rí aṣọ tí Bọ́sẹ̀dé máa kọ́kọ́ rán. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ọmọdé àti àgbà. Mo sì mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé èló ni mo rà á. Mi ò ní sọ. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ gbé abẹ́ rẹ̀ wò, kí ẹ wá pè mí kí ẹ sọ iye tí ẹ̀yin ìbá san. Mo ti ń gbọ́ òṣé yín láti ibí.

Èmi ni, ọmọ yín tó ti padà sídìí ìsọ̀,
Fúnmiláyọ̀