Ta Ni Yóò Tẹ̀ka Kí Wọ́n Tó Gé Ẹ̀dọ̀ Mi?

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Kétu dé Ìsẹ́yìn. Ẹ bá mi kí Ìyá Kékeré, orogún yín, bí ẹ bá ṣì ń bá ara yín sọ̀rọ̀.

Inú ìwé ìròyìn ni mo kọ èyí sí, nítorí tíṣà tó ń ka lẹ́tà mi fún yín máa ń fo ibi tó bá korò. Bí gbogbo àdúgbò bá kà á, kò níbi tó máa fò sí.

Ojú òsì mi tí mo ní ìṣó gún níbi iṣẹ́ káfíńtà, irọ́ ni. Kókó dúdú kan ló hù nínú ẹyinjú náà. Jẹjẹrẹ ni, wọ́n sì yọ ojú yẹn dànù. Ẹni tí mo fura sí ni n kò lè dárúkọ. Ṣebí Ìyá Kékeré ló lé tìróò fún mi lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ ní Èkó?

Òjò ọdún yìí kò jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe ní Ìkòsì, ìyẹ̀wù sì dá páropáro. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ikùn mi lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo tún purọ́ ìṣó fún dókítà mìíràn tí kò mọ ìtàn ojú náà, kó má baà yọ ojú kejì. Ibà ló rò pé ó ń ṣe mí, òun ló sì ń tọ́jú. Ìgbà tí ikùn mi wú ni mo tó jẹ́wọ́. Ó ní àìsàn ojú yẹn ti ràn dé ẹ̀dọ̀, òun yóò gé apá tó bàjẹ́ kúrò. Ó ní tìróò kò lè fa irú èyí.

Mo bi í bóyá màá yè. Ó ní òun kò mọ̀. Olóògùn kan ní Máìlì Tuẹ́lìfù ti búra fún mi pé òun yóò wò mí sàn láàárín ọjọ́ méje. Àmọ́ ẹni tó bá búra pé pákó òun kò ní wọ́ láé, pákó tútù ló ń tà. Dókítà ni màá tẹ̀lé.

Wọ́n ní àgbà ẹbí kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ka sí ìwé. Ẹ mú Ìyá Kékeré dání, òun ni kó tẹ̀ ẹ́. Mo ti fẹ́ máa wò bóyá ọwọ́ rẹ̀ yóò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni kì í gbọ̀n nírú ibẹ̀? Bí n kò bá jí, ẹ má lé e kúrò nílé. Ojú kan ló kù fún mi, n kò fẹ́ fi ṣọ́ ọ mọ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi rí.

Ẹ̀mí yín á gùn, ilé kò ní dàrú. Ẹ kí tilé-toko fún mi. Ẹ tètè máa bọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràímì